Ọtí ni Olùwà, Ọkọ ni Àbọ̀: Ọ̀rọ̀ Ọtí àti Lílu Ìyàwó Nínú Ìtàn Àwọn Òrìṣà Ẹdẹ

Ó yẹ kí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Yorùbá fi ara balẹ̀ wo gbólóhùn kan tí gbogbo wa ń sọ láìronú: ọtí ń pa á. Ọtí ni olùwà gbólóhùn yìí. Ọkùnrin tí ó gbé ife sẹ́nu ni àbọ̀. Irú ẹ̀hun yìí kan náà ni a fi ń wí pé ebi ń pa á, pé òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, pé oorun ń kùn ún. Bí ó bá bínú, inú ni ó bí i. Bí ó bá ṣìwà hù, èṣù ni ó tì í. Gbólóhùn mẹ́ta, mẹ́rin ni ọkùnrin náà yóò ti jókòó sí ipò àbọ̀, tí nǹkan kan tàbí òmíràn yóò máa ṣe é, kí a tó dé orí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó sọ ọ́ di olùwà: ó na ìyàwó rẹ̀. Kódà nígbà tí a bá débẹ̀, àwọn àgbà tí wọ́n wá parí ìjà mọ ọ̀nà tí a fi ń yọ ọ́ kúrò ní ipò náà. Wọn a ní ọwọ́ rẹ̀ ni ó ṣèèṣì bà á. Wọn a ní kì í ṣe òun, iṣẹ́ ọtí ni.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé gírámà ni ó ń lu obìnrin. Àwọn tí èdè wọn fi ọ̀mùtí ṣe olùwà náà ń lu ìyàwó wọn. Ohun tí a ń sọ ni pé èdè Yorùbá fún olùsọ̀rọ̀ ní ọ̀nà méjì. Ebi máa ń wá bá ènìyàn níbi tí ó jókòó sí, ṣùgbọ́n ọtí kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn wọ ẹnu. Ìdí nìyí tí èdè kan náà tí ó ní 'ọtí ń pa á' fi tún ní 'ó mu ọtí yó', tí ó sì pe ẹni tí ó sọ ọ́ di àṣà ní ọ̀mùtí, ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó gbé iṣẹ́ lé oníṣẹ́ lórí láìfi ohunkóhun bò ó. Ọ̀nà tí olùsọ̀rọ̀ bá yàn, àti ìgbà tí ó yàn án, ni ó kan lámèyítọ́. Aládùúgbò tí a kò fẹ́ràn, ọ̀mùtí ni a ń pè é. Ọmọ ìyá wa tí ó lu ìyàwó rẹ̀, ọtí ni ó ń pa á.

Àwọn ìtàn òrìṣà wa ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, kò sì sí ìlú tí a ti lè rí àríyànjiyàn wọn kedere bí Ẹdẹ. Ìlú Tìmì tí ó wà létí odò Ọ̀ṣun yìí jẹ́ ìlú Ṣàngó. Ó tún jẹ́ ìlú Ọbàtálá. Ọdún 1959 ni Ulli Beier tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ọdún òrìṣà tí wọ́n ń ṣe ní Ẹdẹ láàárín ọdún kan ṣoṣo. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè ni ó wà lórí oyè nígbà náà, ọba tí ó jẹ láti 1946 sí 1975, tí ó sì mọ ìlù lù bí ọmọ Àyàn. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù pẹ̀lú ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ láti ayé Tìmì Hábíbù Lágúnjú ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kan kó odidi ìwé jọ lórí bí mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ṣe ń gbé pọ̀ ní ìlú náà. Nítorí náà, láàárín odi ìlú kan, a rí ẹni tí gbogbo ọtí jẹ́ èèwọ̀ fún, a rí ẹni tí ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún, a sì rí ẹni tí kò sí èyí tí ó jẹ́ èèwọ̀ fún nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tí ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún. Ìtàn rẹ̀ kò ṣàjèjì sí òǹkàwé wa. Olódùmarè gbé iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé lé Ọbàtálá lọ́wọ́. Lójú ọ̀nà ó mu ẹmu, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìtàn kejì ni ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ tiwa jù. Ọbàtálá tí ó ń fi amọ̀ mọ ènìyàn mu ẹmu, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró mọ́, ó sì mọ abuké, ó mọ arọ, ó mọ afọ́jú, ó mọ àfín. (A kò gbà pé àṣìṣe ni ara ẹnikẹ́ni nínú wọn, ohun tí ìtàn náà ń wí nípa ẹni tí ó mutí ni a ń wò.) Nígbà tí ojú òrìṣà náà dá, kò wí pé ẹmu ni ó mọ wọ́n. Ó pè wọ́n ní tirẹ̀: ẹni òrìṣà ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ títí di òní, ẹni tí ó bá sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, Ọbàtálá ni ó fi ṣe. Lẹ́yìn náà ni ó fi ẹmu ṣe èèwọ̀ fún ara rẹ̀ àti fún gbogbo ẹni tí ń bọ ọ́. Kò bá ọ̀pẹ wí. Kò bá ẹni tí ó dá ẹmu náà wí.

Àwọn kan máa ń sọ ìtàn yìí ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní Èṣù ni ó wà lẹ́yìn òǹgbẹ tí ó gbẹ òrìṣà náà, pé ìdẹkùn ni ẹmu jẹ́. Ó yẹ kí a fi èyí wé ohun tí òfin wí. Abala 29 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ó wà fún gúúsù Nàìjíríà láti ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìmutípara kì í ṣe àwáwí fún ẹni tí ó ṣẹ̀. Ibi tí ó ti ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ sílẹ̀ ni bí onítọ̀hún kò bá mọ ohun tí ó ń ṣe, tí ó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó fi àrékérekè tàbí àìbìkítà rọ ọ́ ní ọtí láìjẹ́ pé òun fẹ́, tàbí tí orí rẹ̀ bá ti dàrú. Bí a bá gba ìtàn Èṣù gbọ́, ilẹ̀kùn yìí ṣí sílẹ̀ fún Ọbàtálá gbayawu. Kò gba ibẹ̀ jáde. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wa le ju òfin Gẹ̀ẹ́sì lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ṣe ni ní kàyéfì pé àwọn tí ó ń fi àṣà gbèjà ọkọ tí ó mutí yó kì í mẹ́nu kàn án.

Kókó ibẹ̀ ni orí ẹni tí èèwọ̀ bọ́ lé. Nínú ìtàn Ọbàtálá, ẹni tí ó mu ún ni èèwọ̀ bọ́ lé lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú Kùránì, níbi tí a ti so ọtí pọ̀ mọ́ ọ̀tá àti ìkórìíra tí èṣù ń dá sílẹ̀ láàárín ènìyàn, tí a sì ní kí onígbàgbọ́ yẹra fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ń ṣe nínú ilé. Bí ọkọ bá ń mutí tí ó sì ń lu ìyàwó, ìyàwó ni a máa ń pè sí kọ̀rọ̀. A ní kí ó má dá a lóhùn bí ó bá ti mu nǹkan. A ní kí ó má bi í léèrè owó oúnjẹ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. A ní kí ó tètè gbé àwọn ọmọ sùn, kí ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì, kí oúnjẹ sì gbóná. Bí a bá ka gbogbo ìkìlọ̀ wọ̀nyí pọ̀, èèwọ̀ ni wọ́n, èèwọ̀ tí ó pọ̀ ju ti aláṣọ funfun lọ, obìnrin tí kò fẹnu kan ọtí ni a sì kó o lé lórí. Bí ó bá ní òun fẹ́ lọ, wọn a rán an létí pé ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni, wọn a sì bi í bóyá dálémosú ni ó fẹ́ dà. (Ọtí kan náà yìí ni a fi súre fún un níjọ́ ìdána, tí a gbé e kiri kí gbogbo ẹbí fọwọ́ kàn án.)

Ẹnìkan lè wí pé bí ẹmu bá kúrò nínú ilé, ìjà yóò kúrò. Ṣàngó ni ó dá onítọ̀hún lóhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ọtí ni orísun ìwà ipá, ó yẹ kí ọba Kòso jẹ́ ọ̀gá ọ̀mùtí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ìtàn Samuel Johnson tí ó jáde ní 1921, Ṣàngó gun òkè kan láti dán oògùn tí a fi ń pe mànàmáná wò. Mànàmáná náà já lu ààfin òun fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayaba àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì bá a lọ. Kò sí agbè ẹmu nínú ìtàn yìí. Agbára ni ó wà níbẹ̀, àti ọkùnrin tí ó fẹ́ mọ bí agbára òun ti tó. Nígbà tí Ọbà gé etí rẹ̀ sínú ọbẹ̀ nítorí ẹ̀tàn orogún, tí Ṣàngó fi ìbínú lé e jáde, ojú Ṣàngó dá ṣáká. Àwọn ara Ẹdẹ kò gbàgbé Ọbà, nítorí odò Ọ̀ṣun tí ó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìlú wọn kọjá ni a ní ó ń bá odò Ọbà jà níbi tí wọ́n ti pàdé.

Dúró Ládípọ̀ ni ó so Ṣàngó àti Ẹdẹ pọ̀ lójú gbogbo ayé, nínú eré Ọba Kò So tí a kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní 1963, tí ó sì dé Berlin ní 1964. Johnson fi Tìmì sí ayé Aláàfin Kọ́rì. Ládípọ̀ gbé e wá sí ayé Ṣàngó, ó sì jẹ́ kí Ṣàngó rán an lọ sí Ẹdẹ kí òun àti Gbọ̀ọ́nkáà má baà wà lójú kan. A kò ní dá òǹkọ̀wé eré lẹ́jọ́ nítorí èyí; ó rí i pé ọba tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu yóò máa kó àwọn tí ó sún mọ́ ọn lọ sí ibi jíjìn. Ṣùgbọ́n àkọlé eré náà ni ó kan wá jù. Ọba so, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì dìde, wọ́n ní ọba kò so. A mọ̀ pé àwọn oníṣàngó ní ìtumọ̀ tiwọn, tí ó jẹ mọ́ Kòso ibùgbé rẹ̀, a kò sì bá wọn jiyàn lórí ẹ̀sìn wọn. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe èdè ni a ń wò ó. Nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ilé pé jọ, wọ́n sì fi gbólóhùn kan bò ó. Kò lù ú. Ó ṣubú lu ìlẹ̀kùn ni. Ọtí ni. Ọba kò so. Ṣàngó fúnra rẹ̀ kò wá àwáwí. Ohun tí ó ṣe ni ó gbé e dé ìdí igi àyàn. Àwọn tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n wá àwáwí fún un.

A kò lè fo Ògún, nítorí ibẹ̀ ni a ti rí òǹkọ̀wé tí ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé ọtí wọ inú ìtàn. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń sọ ọ́ ní Ìrè, Ògún ti ojú ogun dé, ó bá agbè ẹmu nílẹ̀, òfìfo ni gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tí ó dá a lóhùn nítorí ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ tí a kì í fọhùn. Ó yọ idà, ó sì bẹ́ wọn lórí. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́ ni. Kò tíì mu nǹkan kan. Nínú ewì Wole Soyinka tí ó ń jẹ́ Idanre, tí ó jáde ní 1967, Ògún ti mu ẹmu yó kí ó tó máa pa ọ̀tá àti ará ilé pọ̀. Nínú ìwé tí ó kọ ní 1976, Soyinka fi òrìṣà méjèèjì wé ara wọn. Ó ní Ọbàtálá ka ẹmu léèwọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí ìrònúpìwàdà, ṣùgbọ́n Ògún kò kà á léèwọ̀, ó fi ń dán agbára ìkóra-ẹni-níjàánu wò. Àlàyé náà jinlẹ̀, Soyinka sì fẹ́ràn èyí tí Ògún ṣe. Ìbéèrè tí kò bi í ni ti ẹni tí ó dúró síwájú ọlọ́bẹ nígbà tí ó ń dán ara rẹ̀ wò. Lójú ogun, ọmọ ogun ni. Nínú yàrá, obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni.

Ìtàn kan wà tí ọtí wọ inú ìgbéyàwó gan-an, ti Ọya tí ó jẹ́ ẹfọ̀n. Ọdẹ rí i níbi tí ó ti ń bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀, ó jí awọ náà gbé, ó sì fi í ṣe aya lórí àdéhùn pé kò ní sọ àṣírí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyáálé fún ọdẹ ní ọtí títí ó fi yó, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu ni ó fi ṣe é lọ́ṣẹ́, kì í ṣe ọwọ́, ṣùgbọ́n ọṣẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n fi àṣírí náà bú Ọya, ó gbé awọ rẹ̀ wọ̀, ó sì pa àwọn orogún rẹ̀. Ọdẹ ńkọ́? Bí a ti sábà máa ń sọ ìtàn náà, ó yè. Àwọn obìnrin ni wọ́n san gbèsè ohun tí ọkọ fi ẹnu ọtí sọ. Èyí ni ìtàn tí ó lòdì sí ti Ọbàtálá pátápátá, a sì gbọ́dọ̀ gbà pé òun ni ó jọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa jù.

Fún àwọn tí ó bá rò pé ọtí àti ìlùkulù kì í ya ara wọn, Amos Tutuola ti fún wa ní ọ̀mùtí tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo ìwé tí ọmọ Yorùbá kọ. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1952, bàbá ọkùnrin náà fún un ní oko tí ó ní ọ̀pẹ 560,000, adẹ́mu rẹ̀ sì ń dá agbè 150 fún un láràárọ̀. Síbẹ̀, alábàárìn àti olùrànlọ́wọ́ ni ó fi aya rẹ̀ ṣe ní gbogbo ìrìn àjò náà. Kì í ṣe ìwé ìwà rere ni Tutuola kọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ láìṣe wàhálà ohun tí àwọn onímọ̀ ń fi ẹ̀rí gbè. Ní 1969, MacAndrew àti Edgerton, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, ṣe àkójọ ìròyìn nípa ìmutí láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwùjọ lágbàáyé. Wọ́n rí i pé ohun tí ọ̀mùtí ń ṣe nígbà tí ó bá yó kò rékọjá ohun tí àwùjọ rẹ̀ ti kọ́ ọ pé a óò fojú fò dá. Ẹni tí ó ní òun kò mọ ohun tí òun ń ṣe sábà máa ń mọ ẹni tí òun kò gbọdọ̀ lù: kì í lu ọ̀gá rẹ̀, kì í lu ọlọ́pàá. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò sẹ́ agbára ọtí. Wọ́n gbà pé ó ń dín ìkóra-ẹni-níjàánu kù, pé owó tí a ná lé e lórí ń dá ìjà sílẹ̀, pé ọgbẹ́ máa ń pọ̀ sí i níbi tí ó bá wà, àti pé àwọn obìnrin tí ìyà náà ti jẹ lè wá fi ọtí pa ìrònú rẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kò pè é ní orísun nìkan ṣoṣo. Nínú ìwádìí ìlera tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, obìnrin 31 nínú 100, láti ọmọ ọdún 15 sí 49, ni wọ́n ti fojú winá ìwà ipá láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọdún 15. Ìyà ń pọ̀ sí i lára àwọn tí ọkọ wọn máa ń yó lemọ́lemọ́. Síbẹ̀, ìwádìí kan náà rí i lára àwọn tí ọkọ wọn kì í fẹnu kan ọtí.

A ti yin ìtàn Ọbàtálá tó. Ó ní ibi tí ó kù sí, ọdún rẹ̀ ní Ẹdẹ sì fi ibẹ̀ hàn. Kò sí ibi tí a ti gbọ́ ohùn àwọn tí ọwọ́ yíyó náà mọ. Òrìṣà ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni ó ronú pìwà dà, òun ni a sì ń kì. Yemòó aya rẹ̀ dákẹ́. Èyí tí ó tún léwu jù ni sùúrù rẹ̀. Ìtàn tí ó wà lẹ́yìn ọdún Ẹdẹ ni ti ẹ̀wọ̀n tí Ọbàtálá ṣe lọ́dọ̀ Ṣàngó fún ọdún méje lórí ẹ̀sùn olè tí kò jà. Kò bínú, kò jà padà. Beier fẹ́ràn ìfaradà yìí gidigidi, ó sì tún wọ inú eré The Imprisonment of Obatala tí ó jáde ní 1966 lábẹ́ orúkọ Obotunde Ijimere, tí ó jẹ́ orúkọ ìnagijẹ Beier fúnra rẹ̀. A ti gbọ́ tí wọ́n fi irú ìfaradà bẹ́ẹ̀ gba obìnrin níyànjú nínú ilé, láàárín ẹlẹ́sìn gbogbo: kí ó ṣe sùúrù, kí ó máa wò ó, ọkọ yóò yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọdún náà bí wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe bí a ti ń fi í wàásù. Ajagẹmọ, olórí àwọn abọrìṣà, àti Olúnwí jọ wọ agbo, wọ́n jà láìfọhùn, Olúnwí sì mú Ajagẹmọ nígbèkùn, ó gbé e lọ. Àwọn ará ìlú kò jókòó kí wọ́n máa yin sùúrù Ajagẹmọ títí ọdún méje yóò fi pé. Tìmì fi owó ìràpadà lélẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì gba Ajagẹmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mú un, wọ́n fi ìlù àti ijó sìn ín padà wá sílé.